Ìtàn Tanghin àti Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Ó Ni Ilẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àrọ́bá nìkan kò tó mọ́ ní ayé tí a wà yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó ibi tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n mọ igi tí ó jẹ́ ààlà, tí wọ́n sì mọ odò tí ó ya oko wọn sọ́tọ̀ lára oko aládùúgbò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí awọnlẹ̀ ìjọba bá dé pẹ̀lú okùn àti òpó, ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ wọn ni pé, “Ìwé yín dà?”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìtàn ibi kan tí ó jìnnà sí wa díẹ̀, kí a tó padà wá wo ti ilé. Orúkọ ibẹ̀ ni Tanghin. Abúlé àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, àárín ìlú ńlá ni ó bá ara rẹ̀.

Ibi tí Tanghin wà

Tanghin jẹ́ àdúgbò kan ní apá àríwá Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Kí ẹni tí ó bá ń wo àwòrán ilẹ̀ má ṣe ṣì í mú fún Tanghin-Dassouri, ìlú mìíràn tí ó wà ní ẹ̀yìn odi Ouagadougou ní ọ̀nà Bobo-Dioulasso. Láàárín Tanghin tiwa yìí àti ọkàn ìlú ni àwọn adágún omi wà, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Kì í ṣe adágún àdámọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ó sé omi náà. Ẹni tí ó bá ń ti Tanghin lọ sí ọjà ńlá ìlú ní láti gba orí ìsédò kọjá, tàbí kí ó rìn yí omi po.

Àwọn tí ó ni ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ Mọ̀sí, àwọn tí èdè wọn ń jẹ́ Mooré. Ọkà bàbà àti jéró ni oúnjẹ wọn, ẹran ọ̀sìn àti adìẹ sì ni àpótí ìpamọ́ wọn. Agbo ilé wọn kò ṣe àjèjì sí wa: ògiri amọ̀ yí i ká, baálé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àti àwọn àbúrò pẹ̀lú ìdílé tiwọn. Bí ọmọkùnrin bá dàgbà tí ó gbéyàwó, a ó mọ yàrá mìíràn fún un mọ́ ara ògiri náà. Kò sí ẹni tí í béèrè iye tí ilẹ̀ náà tó.

Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní ayé àtijọ́

Àwọn Mọ̀sí ń pa ìtàn Yennenga, ọmọbìnrin ọba Dagomba láti Gambaga, tí ó gun ẹṣin wọ inú igbó lọ, tí ó sì bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Ouédraogo, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ akọ ẹṣin. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, agẹṣinjagun, ni ó wá jọba lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni àṣẹ ti pín sí ọ̀nà méjì. Naba, èyíinì ni ọba tàbí baálẹ̀, ni ó ń pàṣẹ fún ènìyàn, Mogho Naba ti Ouagadougou sì ni olórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tengsoba, olórí àwọn onílẹ̀ àtijọ́, ni ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ń ṣe ètùtù, tí ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá oko sí. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ ohun tí a ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀ nípa àwọn tí Odùduwà bá níbẹ̀ kò ní ṣàìmọ irú ètò báyìí.

Nínú ètò yìí, a kì í ta ilẹ̀. Àlejò tí ó bá ń fẹ́ ibi tí yóò gbé a mú adìẹ àti obì dání, a wá ẹni tí yóò mú un mọ onílẹ̀, a sì fi ibì kan hàn án. Ó lè ro ibẹ̀ títí ayé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè ro ó lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣe láìgba àṣẹ: kò gbọdọ̀ gbin igi. Ọkà yóò gbó, a ó kórè rẹ̀, ilẹ̀ yóò sì padà di òfìfo. Ṣùgbọ́n igi a máa dúró, a máa jẹ́rìí. Ẹni tí ó gbin igi, bí ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni.

Ǹjẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ilẹ̀ kòkó wa? Àlejò tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gbin kòkó tàbí obì, ó di dandan kí ó tún padà lọ bá onílẹ̀. Àwọn baba wa àti àwọn baba Mọ̀sí, láìrí ara wọn rí, mọ̀ pé ohun tí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ìlú ńlá súnmọ́ tòsí

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1896 ni Voulet kó àwọn ọmọ-ogun Faransé wọ Ouagadougou. Mogho Naba Wobgo sá kúrò ní ààfin, ó sì kú sí ìgbèkùn ní ọdún 1904. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1919 ni àwọn Faransé dá orílẹ̀-èdè Upper Volta sílẹ̀, tí wọ́n sì fi Ouagadougou ṣe olú-ìlú rẹ̀. Gómìnà Hesling kọ́ ilé ìjọba àti òpópónà gbọọrọ, ṣùgbọ́n bíríkì amọ̀ tí a sá sí oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí àwọn òyìnbó fi ń pe ibẹ̀ ní Bancoville, ìlú alámọ̀. Ní 1932, Faransé tú orílẹ̀-èdè náà ká, wọ́n pín in fún Côte d’Ivoire, Soudan àti Niger. Ní 1947 ni wọ́n tó dá a padà. Ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Ouagadougou ní 1954, òmìnira sì dé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 1960.

Ouagadougou kò ní odò ńlá tí í ṣàn yí ọdún po. Òjò oṣù díẹ̀ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ìjọba fi sé àwọn odò kékeré apá àríwá ìlú, tí omi sì dúró láàárín Tanghin àti ìlú. Ìsédò yìí ṣe ohun méjì fún abúlé náà. Ó dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ìlú má tètè gbé e mì, nítorí omi kì í jẹ́ kí ilé sún kiri bí ó ti wù ú. Ó sì fún un ní iṣẹ́ tuntun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oko ọkà bá gbẹ, àwọn ará Tanghin a máa gbin àlùbọ́sà, kábéèjì àti oríṣiríṣi ewébẹ̀ sí etí omi. Wọn a gbẹ́ kànga kékeré, wọn a fi korobá pọn omi sí ebè ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin a sì kó èrè oko náà lọ sí ọjà. Nínú owó ewébẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ra ọkà tí wọ́n ń gbìn fúnra wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí omi kì í ṣe ilẹ̀ tí a lè kọ́lé sí, kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí a ó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fi ogún ọdún bomi rin ín kò lè fi í ṣe ogún fún ọmọ.

Ní ìgbà òmìnira, àwọn ènìyàn Ouagadougou kò ju bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta (60,000) lọ. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1985, wọ́n ti di 441,514. Ní 2006 wọ́n di 1,475,223, ní 2019 sì ni wọ́n lé ní 2,400,000. Níbo ni gbogbo ènìyàn yìí yóò sùn? Oko àwọn abúlé bí Tanghin ni. Àlejò tí ń mú adìẹ àti obì wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wá. Onílẹ̀ kò pè é ní títà. Ó ń pè é ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bùn bá ti ń ga sókè lọ́dọọdún, tí ẹni méjì sì ń dù ú, kí ni a ó pè é bí kò ṣe ọjà?

Òfin ọdún 1984

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 1983 ni Ọ̀gágun Thomas Sankara gba ìjọba. Ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè náà di Burkina Faso, ìjọba ṣe òfin tí ó sọ gbogbo ilẹ̀ di ti ìjọba. Àṣẹ tengsoba lórí ilẹ̀ parẹ́ nínú òfin, ìwé ilẹ̀ àtijọ́ sì parẹ́ pẹ̀lú. Lábẹ́ òfin náà, ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè rí gbà nígbà náà ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ kò sinmi: wọ́n fi ìkánjú la òpópónà, wọ́n sì pín pulọ́ọ̀tì yí ìlú po. Ìjọba náà pàṣẹ pé kí ayálégbé má san owó ilé ní gbogbo ọdún 1985.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òfin yìí pẹ̀lú òdodo. Ní ọwọ́ kan, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí baba wọn ṣán igbó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ra oko náà lọ́wọ́ wọn. Òpópónà tí awọnlẹ̀ fà bí okùn kò mọ agbo ilé. Ó lè gba àárín àgbàlá kọjá, kí ẹ̀gbọ́n bá ara rẹ̀ ní apá kan, kí àbúrò wà ní apá kejì. Agbo ilé tí ó fẹ̀ di pulọ́ọ̀tì kékeré, àwọn ọmọ tí kò tíì gbéyàwó ní ọjọ́ ìkànìyàn kò sì ní ìpín.

Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ta ni ó ń rí ilẹ̀ gbà lábẹ́ ètò àtijọ́? Àgbà ọkùnrin ni, àti ẹni tí ó bá mọ àgbà ọkùnrin. Àlejò tí kò ní ẹni tí yóò mú un mọ onílẹ̀, àbúrò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ le, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú: ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn wọ̀nyí ń gbé. Òfin tuntun, pàápàá bí wọ́n ti tún un kọ ní 1991 àti ní 1996, sọ pé kí a má ṣe ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin nínú pípín ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè sọ pé ‘ilé mi’ rí ni ó sọ ọ́ ní ọdún wọnnì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ìjọba gba ilẹ̀ wí òtítọ́; ẹni tí ó bá sì sọ pé ìjọba fúnni ní ilẹ̀ kò purọ́.

Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀

Lẹ́yìn ikú Sankara ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ìkánjú náà dínkù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ará ìlú ti kọ́ kò parẹ́. Wọ́n ti rí i pé bí ìjọba bá fẹ́ wọn ibì kan, àwọn ilé tí ó bá ti wà níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà. Yóò kun nọ́ńbà sí ara ilé, ẹni tí a bá sì bá nínú ilé ni a ó fún ní pulọ́ọ̀tì. Nítorí náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí ibi tí ìjọba kò tíì wọ̀n, lẹ́yìn àwọn àdúgbò bí Tanghin tí a ti wọ̀n. Yàrá amọ̀ kan ṣoṣo ni, ilẹ̀kùn kan, páánù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ ń gbé nínú ìlú. Ó fi yàrá náà síbẹ̀ kí ó máa dúró dè é.

Ẹ ti rántí ọ̀rọ̀ igi tí mo ní kí a fi sọ́kàn. Ilé òfìfo yìí ni igi tuntun. Láyé àtijọ́, igi ni ó ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ni ilẹ̀. Nísinsìnyí, ògiri amọ̀ ni. Àwọn onílẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú kò jókòó lásán. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé awọnlẹ̀ ń bọ̀, wọn a pín oko fún àlejò fún owó kí ìjọba tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kò gbà pé wọ́n ni ín, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè kọ́lé síbẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ bá wọn.

Ẹni tí ó rí pulọ́ọ̀tì gbà pàápàá kò tíì dé èbúté. Ó ní láti san owó fún ìjọba, kí ó sì kọ́ ilé sórí rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba lè gbà á padà. Ìgbà tí ó bá parí gbogbo èyí ni ìwé àṣẹ àtigbé yóò tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òtòṣì tí kò rí owó sìmẹ́ńtì a máa wò ó bóyá kí òun ta pulọ́ọ̀tì náà fún olówó, kí òun sì tún lọ kọ́ yàrá amọ̀ mìíràn sí ìta ìlú. Báyìí ni ìlú fi ń fẹ̀, tí òtòṣì sì ń wà ní ẹ̀bá rẹ̀ nígbà gbogbo. Awuyewuye lórí pulọ́ọ̀tì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Burkina Faso fi gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí ilẹ̀ inú ìlú ní 2016. Láti ìgbà náà, ogun àwọn agbébọn ti lé ju ọ̀kẹ́ ọgọ́rùn-ún (2,000,000) ènìyàn kúrò ní ilé wọn ní orílẹ̀-èdè náà títí di 2023, àwọn kan nínú wọn sì wá ibi ìsádi sí olú-ìlú.

Omi kò ka ìwé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou ní òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tó mílímítà 263, èyí tí ó pọ̀ ju òjò oṣù kan lọ níbẹ̀. Omi kún àwọn adágún, ó wọ ilé ìwòsàn ńlá Yalgado Ouédraogo, ó sì wó ilé amọ̀ lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni kò rí ilé sùn. Ìjọba fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilẹ̀ ní Yagma, ní àríwá ìlú, níbi tí ó jìnnà sí ọjà àti sí ibi iṣẹ́. Òjò náà kò béèrè ẹni tí ó ní ìwé àti ẹni tí kò ní. Ó kọ́ni pé ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀ jẹ́ tẹni, ọ̀tọ̀ ni kí ó ṣeé gbé.

Àwa Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, “Kí ni ti Mọ̀sí kàn wá?” Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ti wà ní Ouagadougou ṣáájú òmìnira, àti àwọn àti Haúsá sì jọ gbé ní Zangouettin, àdúgbò àwọn àlejò ní ọkàn ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ìjọba wó Zangouettin láti fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìṣòwò àti ilé ìjọba. Ó san owó, ó sì fúnni ní ilẹ̀ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n àdúgbò tí àwọn baba jọ dá sílẹ̀ túká. Ní Gánà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àìmọye Yorùbá tí ó ti kọ́ ilé síbẹ̀ ni ó ta ilé ní ọ̀pọ̀, tàbí tí ó fi í sílẹ̀ lọ.

Nílé pàápàá ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Apapa, Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ dájọ́ pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Èyí fi ọdún mẹ́fà ṣáájú òfin Sankara. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba wó Maroko ní Èkó. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo Tanghin, dígí ni a ń wò.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ẹ̀rí mẹ́ta ni ìtàn yìí fi hàn wá: ẹnu àgbà, ohun tí a fi sórí ilẹ̀, àti ìwé. Ní Tanghin, ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ti jọba ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tí ó sì gbára lé ọ̀kan ṣoṣo ni ó pàdánù. Ẹni tí ó ní ẹnu àgbà láìní ìwé pàdánù ní 1984. Ẹni tí ó ní ògiri láìní owó ìwé ta pulọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ tí kò mọ ìtàn rẹ̀, tí kò béèrè lọ́wọ́ àgbà ibi tí omi ń gbà kọjá, kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà omi.

A kò lè ṣe òfin, a kò sì lè fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ mélòó ni ó wà lónìí lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko ní ogójì ọdún sẹ́yìn? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ bá àwọn àgbà àdúgbò. Kí wọ́n béèrè orúkọ oko náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a, igi tí ó jẹ́ ààlà, ibi tí odò ń gbà ní ọdún òjò púpọ̀, àti bí ilẹ̀ náà ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún, kí a sì pa á mọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò lè gba ilẹ̀ padà ní kóòtù. Ṣùgbọ́n yóò gba ìtàn ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ tán, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.